Ta ló sọ pé ó ṣe rẹ́gí? Títo CT àti MRI ọpọlọ lé ara wọn

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyè kejì ni mò ń ṣe, mo sì ti há síbì kan. Mo ní CT (àwòrán tí ìtànṣán X yà) àti MRI (àwòrán tí ẹ̀rọ òòfà yà) ti orí àwọn aláìsàn 40 tó ní kókó nínú ọpọlọ. Ẹnì kan náà ló ni CT àti MRI kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n ya méjèèjì yàtọ̀ síra. Mo fẹ́ gbé CT lé MRI, kí ibi tí kókó wà lórí ọ̀kan bọ́ sí ojú ibẹ̀ gan-an lórí èkejì. Ọ̀gá mi ní kí n lo kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ṣẹ́ láti inú àpẹẹrẹ, pé ayé ti kúrò níbi FLIRT, irinṣẹ́ àtijọ́ tó ń to àwòrán. Mo gbé VoxelMorph wá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yẹn, mo fún un ní CT àti T1, irú MRI kan. Ohun tó kó jáde dà bí ẹ̀kọ tútù tí wọ́n fọwọ́ pò. Ọ̀rẹ́ mi ní FLIRT ti tó, pé ariwo lásán ni ìyókù. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbọ́?

* * *

Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kó o tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo ti ka èsì táwọn èèyàn fún ọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan ní irinṣẹ́ tó bá ti lé lógún ọdún ti di ti àwọn baba wa, kó o lọ wá GPU (ẹ̀yà tó ń mú kọ̀ǹpútà yára) rà. Àwọn kejì ní àwọn tó ń wá owó ìwádìí ló ń pariwo kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ṣẹ́. Mi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Fún iṣẹ́ tìrẹ yìí, ọ̀rẹ́ rẹ ló sún mọ́ ibi tó yẹ kó o dé jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tó rò. Ọ̀gá rẹ náà kò ṣìnà, irinṣẹ́ tó tọ́ ni ẹ ò tíì mú.

Ohun tó ká mi lára ni pé kò sẹ́ni tó béèrè bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ṣe rẹ́gí nígbà tí àwòrán méjèèjì bá ti wà lórí ara wọn. Èmi ò lè fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀, nítorí mo ti rí ibi tí kò ti ṣe rẹ́gí tí gbogbo wa sì ń pàtẹ́wọ́.

* * *

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ VoxelMorph rẹ.

Àwọn ará MIT àti Cornell ló gbé e jáde ní 2018. Ìyára ló sọ ọ́ di olókìkí: iṣẹ́ tí ANTs, irinṣẹ́ àtijọ́ míì, fi ju wákàtí méjì lọ ṣe nínú ìdánwò wọn, òun ń parí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lásán kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán kọ́ ọ ṣáájú, nítorí náà kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ fún orí kọ̀ọ̀kan tó o bá gbé síwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi kọ́ ọ? T1 ti MRI ni, T1 sí T1. Ìmọ́lẹ̀ ló ń fi wé ìmọ́lẹ̀: ibi tó bá funfun lórí èyí, ó ń wá ibi tó funfun lórí ìyẹn. O wá gbé CT fún un. Lórí CT, egungun agbárí ló funfun jù lọ. Lórí T1, egungun yẹn kan náà dúdú, torí pé inú omi àti ọ̀rá ni MRI ti ń gbọ́ ohùn, egungun líle ò sì ní ohùn tó pọ̀ tó. Ọ̀rá abẹ́ awọ orí ló funfun lórí T1, òun náà ló sì dúdú lórí CT. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn (bí wọ́n ṣe ń pe irú ètò tó ń kọ́ṣẹ́ báyìí) rí òrùka funfun méjì, ó fa òrùka egungun lọ bá òrùka ọ̀rá, ó sì wọ́ ọpọlọ dání. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ rẹ ti jáde.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ti gbà lọ́kàn pé o ti to àwòrán méjèèjì súnmọ́ ara wọn kó tó kàn án: ìdojúkọ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọpọlọ sí àárín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ka ibẹ̀. Èmi náà kò kà á nígbà àkọ́kọ́.

* * *

Ẹnì kan béèrè lábẹ́ rẹ̀ pé báwo ni irinṣẹ́ àtijọ́ ṣe wá mọ̀ ọ́n ṣe, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ìbéèrè gidi ni.

Fi ojú inú wo ìyálọ́jà méjì tí wọ́n jọ ń ka ẹrù kan náà. Ọ̀kan ń fi òkúta sàmì, èkejì ń fi ẹfun fa ìlà. O ò mọ ìtumọ̀ àmì ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣùgbọ́n bó o bá rí i pé ìgbàkígbà tí ti àkọ́kọ́ bá mú òkúta pupa, ìlà mẹ́ta ni ti èkejì máa ń fà, wàá mọ̀ pé ẹrù kan náà ni wọ́n ń kà lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá fo ẹrù kan, àdéhùn yẹn á dàrú: òkúta pupa á bá ìlà mẹ́ta rìn lẹ́ẹ̀kan, á bá ìlà kan rìn lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí mutual information ń wọ̀n nìyẹn. Kò bìkítà bóyá egungun funfun tàbí ó dúdú. Ó kàn ń yí àwòrán kan títí ohùn méjèèjì á fi bára wọn rìn dáadáa. Ní 1995, ẹgbẹ́ méjì dé ibẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Paul Viola àti William Wells ní MIT, àti Collignon, Maes àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Leuven, ní Bẹ́ljíọ̀m. SPM, irinṣẹ́ àwòrán ọpọlọ ti University College London, ń lò ó dòní, ó sì wà lára ohun tó o lè yàn nínú FLIRT ti Oxford.

Nọ́ńbà mẹ́fà péré ni irinṣẹ́ yìí ń wá fún ọ. Mẹ́ta jẹ́ ti sísún: sọ́tùn-ún tàbí sósì, síwájú tàbí sẹ́yìn, sókè tàbí sísàlẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ ti yíyí: mi orí bí ẹni ń sọ pé rárá, tẹrí bí ẹni ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tẹ orí sí èjìká. Ó tán. Orí ẹnì kan náà ni, inú agbárí kan náà. Kí lo tún fẹ́ tẹ̀?

* * *

Ibi tí àríyànjiyàn wa ti gbóná nìyí, mo sì máa dúró síbẹ̀ pẹ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó dáhùn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń tẹ àwòrán, tó ń nà án níbì kan tó sì ń fún un níbòmíì, dára jù, pé ó ń bo gbogbo àlàfo, pé etí ọpọlọ méjèèjì máa ń wọnú ara wọn bí ẹ̀yà ẹ̀pà. Òótọ́ ni pé ó ń wọnú ara wọn. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn. Bí CT ẹnì kan àti MRI rẹ̀ ò bá bára mu lẹ́yìn tó o ti sún un tó o sì ti yí i, ìdí kan wà níbẹ̀: orí mì nígbà tí wọ́n ń yà á, ẹ̀rọ tẹ̀, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ láàárín ọjọ́ méjèèjì, kókó ti tóbi sí i, tàbí fáìlì ti dàrú. Gbogbo ìyẹn ni dókítà fẹ́ mọ̀. Bó o bá ki ohun tó ń tẹ̀ bọ̀ ọ́, á nà án, á fún un, á sì pa ìròyìn yẹn mọ́lẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti rí kókó kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá báyìí. A gbé MRI aláìsàn lé ọpọlọ àwòkọ́ṣe tó jẹ́ ti àwọn tí ara wọn le. Ọpọlọ àwòkọ́ṣe kò ní kókó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì fẹ́ kí méjèèjì jọra, ló bá ń fún kókó náà mọ́ra títí tó fi kéré. Kò purọ́ fún wa. Iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́ ló ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì mí sọ pé, "Ó mà ti bára mu o!" Inú rẹ̀ dùn. Mi ò lè bá a yọ̀.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò yẹ kó o fò: Jacobian. Ó ń sọ bí ibì kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ sí i tàbí ṣe fún pọ̀. Bó bá lọ sí ìsàlẹ̀ òdo níbì kan, aṣọ ti ṣẹ́po níbẹ̀, ẹran ara ti gba inú ara rẹ̀ kọjá. Kò sí ọpọlọ alààyè tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

* * *

Dókítà iṣẹ́ abẹ kan bá mi jà lórí èyí, ọ̀nà tó gbà jà sì tọ́. Ó ní: "Nígbà tí a bá ti ṣí agbárí, ọpọlọ kì í dúró sójú kan."

Bẹ́ẹ̀ ni. Omi tó yí ọpọlọ ká á ṣàn jáde, ọpọlọ á rọ̀ sísàlẹ̀, kókó tí wọ́n ń yọ á fi àlàfo sílẹ̀. Ọpọlọ lè sún ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, MRI tí wọ́n ti yà ṣáájú ò sì ní tọ́ka síbi tó yẹ mọ́. Níbẹ̀, títẹ̀ jẹ́ dandan. Àwọn oníṣègùn ní Trondheim, ní Nọ́wè, kó dátà kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní RESECT, tó jáde ní 2017: MRI àwọn aláìsàn 23 kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán olóhùn (ultrasound) tí wọ́n yà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, àwọn èèyàn sì fọwọ́ sàmì sí àwọn ojú kan náà lórí méjèèjì. Àwòrán olóhùn àti MRI jìnnà síra ju CT àti MRI lọ. Ìmì ohùn tó ń padà bọ̀ ni ọ̀kan, omi àti ọ̀rá ni èkejì. Ìdíje CuRIOUS ọdún 2018, tó jẹ́ lórí títo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lé ara wọn, dá lé dátà yẹn.

Nítorí náà, mi ò sọ pé ẹ má tẹ̀ ẹ́ láé. Mo ní kẹ́ ẹ mọ ohun tó yí padà nínú ara kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yí i. Agbárí tí a ò ṣí, àwòrán ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì: nọ́ńbà mẹ́fà. Agbárí tí a ṣí: ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan sí ẹlòmíì: ẹ tẹ̀ ẹ́, kò sọ́nà míì.

* * *

Ẹnì kan dárúkọ SynthMorph. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ohun tó yẹ kí ọ̀gá rẹ dárúkọ nìyẹn.

Hoffmann, Dalca àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ṣe wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Dípò kí wọ́n fi àwòrán gidi kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n mú àwòrán ìlà ẹ̀yà ọpọlọ lásán, wọ́n wá kùn wọ́n ní àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ronú sí. Lónìí ihò omi funfun, lọ́la ó dúdú, lọ́túnla ó rí bí eérú. Wọ́n tiẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ìrísí tí kò jọ ọpọlọ rárá, ó sì ṣiṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ò lè gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ torí pé àwọ̀ ń yí padà lójoojúmọ́, ó di dandan kó máa wo ìrísí. Bí o bá fẹ́ kí ọmọ mọ ìkòkò yàtọ̀ sí agbada, tó o sì ń kun méjèèjì ní ọ̀dà tuntun láràárọ̀, kò pẹ́ tí kò fi ní wo ọ̀dà mọ́.

SynthMorph wà nínú FreeSurfer, àkójọ irinṣẹ́ àwòrán ọpọlọ. O sì lè sọ fún un pé kó má tẹ nǹkan kan, kó wá nọ́ńbà mẹ́fà yẹn nìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ṣẹ́ lè ṣe iṣẹ́ láìtẹ nǹkan. Ibẹ̀ ni ìwọ, ọ̀gá rẹ àti ọ̀rẹ́ rẹ ti lè pàdé.

Bó bá jẹ́ èmi, màá ṣe méjèèjì fún orí kọ̀ọ̀kan, ti àtijọ́ àti tuntun. Níbi tí ìdáhùn wọn bá fi ju mìlímítà 2 yàtọ̀ síra, ibẹ̀ ni màá ti fi ojú ara mi wò.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀tún àti òsì. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí.

Ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n kó àwọn àwòrán fún wa tí ẹnì kan ti yí kúrò ní DICOM, irú fáìlì tí ẹ̀rọ ń kó jáde, kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa. A to CT lé MRI. Àmì ìdánwò jáde dáadáa fún gbogbo wọn. A ti ń kọ ìròyìn. Bàbá kan tó ti ń ya àwòrán láti ìgbà tí fíìmù ṣì wà, ó kọjá lẹ́yìn mi, ó dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, òsì ni wọ́n ti lu ihò agbárí ẹni yìí. Kí ló gbé e sọ́tùn-ún?" Ẹni tó yí fáìlì náà ti sọ ọ̀tún di òsì nínú MRI. Ọpọlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí náà kò sí irinṣẹ́ tó pariwo, ti àtijọ́ tàbí tuntun. Bí ìwé yẹn bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, ẹ fọkàn ro ó.

NIfTI, irú fáìlì tí àwọn olùwádìí ń lò, ń kà láti òsì lọ sí ọ̀tún, DICOM àti ITK (àkójọ irinṣẹ́ àwòrán kan) ń kà láti ọ̀tún lọ sí òsì. Nígbà tí fáìlì bá ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, àmì yẹn lè sọnù lójú ọ̀nà. Gba DICOM gan-an lọ́wọ́ wọn, má gba ohun tí wọ́n ti yí. Bó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya MRI, lẹ kóró oògùn fítámì E mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí ọ̀tún. Ọ̀rá inú rẹ̀ á tàn lórí àwòrán, ọ̀tún á sì máa jẹ́ ọ̀tún títí ayé.

CT náà ní tirẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ òrùka ẹ̀rọ díẹ̀ kí ìtànṣán má bàa gba ẹyinjú kọjá. Bí fáìlì ò bá mọ̀ pé òrùka tẹ̀, orí á wọ́ bí páálí tí ẹnì kan jókòó lé, nọ́ńbà mẹ́fà ò sì ní tó láti tọ́ ọ. Ìdí tí àwọn kan fi sọ pé ọ̀nà àtijọ́ ò ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn, tí wọ́n sì sáré lọ síbi títẹ̀. Lo dcm2niix, irinṣẹ́ tó ń sọ DICOM di NIfTI, kó o sì wò ó bóyá ó kó fáìlì kejì jáde tí Tilt wà nínú orúkọ rẹ̀. Ìyẹn ni kó o lò.

Kékeré míì: lórí CT, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000, omi jẹ́ 0, egungun líle lè kọjá 1000, ṣùgbọ́n gbogbo ẹran ọpọlọ há sáàárín nǹkan bí 20 sí 45. Bó o bá fi CT sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, egungun á gba gbogbo ariwo, ọpọlọ ò ní rí ohùn sọ. Gé e sí 0 di 100. Yọ ìrọ̀rí ẹ̀rọ kúrò lẹ́yìn orí. Gé ọrùn àti àgbọ̀n kúrò, torí pé wọ́n ń yí, agbárí ò yí.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ mi gan-an: báwo lo ṣe mọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé Dice (àmì bí àwọn ẹ̀yà ṣe bo ara wọn) gòkè, pé mutual information gòkè, mo ní ẹjọ́ kan láti rò fún yín. Ní 2012, Torsten Rohlfing kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó fúnra rẹ̀ pè ní irinṣẹ́ aláìwúlò pátápátá. Ó kàn ń to voxel (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) àwòrán méjèèjì láti orí èyí tó dúdú jù dé orí èyí tó funfun jù, á wá gbé wọn lé ara wọn ní ìtòtẹ̀lé yẹn, láìka ibi tí wọ́n wà nínú orí sí. Ọpọlọ di yanrìn tí wọ́n fẹ́. Síbẹ̀, ó gba àmì tó ju ti àwọn irinṣẹ́ gidi lọ lórí ìjọra àti lórí bí àwọn ẹ̀yà ṣe bo ara wọn. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn ará Vanderbilt, ní Nashville, ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Fitzpatrick, West àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú CT, MRI àti PET (irú àwòrán mìíràn) ti àwọn aláìsàn tí wọ́n ti de àmì kéékèèké mọ́ egungun agbárí fún iṣẹ́ abẹ. Àmì inú egungun ò lè sún, nítorí náà wọ́n mọ ìdáhùn gan-an. Wọ́n pa àmì náà rẹ́ kúrò lójú àwòrán, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ káàkiri, wọ́n ní kí olúkúlùkù to tirẹ̀, wọ́n sì dúró gba èsì. Ní 1997 tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ohun tí wọ́n rí ni pé gbogbo ọ̀nà náà lè ṣe dáadáa lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ojú èèyàn gbọ́dọ̀ wò ó, torí pé àṣìṣe ńlá máa ń yọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Kò sẹ́ni tó máa lu ìṣó sí orí àwọn aláìsàn rẹ. Ṣùgbọ́n o lè yan ojú mẹ́wàá nínú orí kọ̀ọ̀kan kí kọ̀ǹpútà tó fọwọ́ kan nǹkan: orí ìwo ihò omi ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, ẹṣẹ́ pineal tó máa ń le tó sì máa ń funfun lórí CT ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ihò etí inú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Má yan ẹyinjú, ó ń yí. Má yan etí kókó, ó ń dàgbà. Jẹ́ kí ẹlòmíì tún yan ojú kan náà láìwo tìrẹ. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá fi mìlímítà kan ààbọ̀ yàtọ̀, má wá sọ fún mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ tọ́ dé ìlàjì mìlímítà.

Iṣẹ́ yìí sú ni. Orí 40 tí ojú mẹ́wàá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló máa ya ìwé rẹ sọ́tọ̀.

* * *

Ẹnì kan ní kí n sọ òótọ́: ṣé irinṣẹ́ tí wọ́n fi orí àwọn òyìnbó kọ́ lè ṣiṣẹ́ lórí orí tiwa?

Èmi gbà pé ẹ̀rọ ni ká máa bẹ̀rù kó tó di orí. Nínú ìkaye ẹ̀rọ tí Ogbole ti Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018, ẹ̀rọ MRI 84 ni wọ́n rí ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 58 nínú wọn sì wà ní Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú àwọn ti wa ni agbára òòfà wọn kéré. Ègé tó nípọn ló ń jáde nínú wọn, 5 mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ariwo nínú àwòrán. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jẹ́ pé ègé mìlímítà kan ló mọ̀ láti kékeré á dé ibẹ̀, ojú á pọ́n ọn.

Inú mi dùn pé àwọn kan ò jókòó. Maruf Adewole àti Udunna Anazodo wà lára àwọn tó kó BraTS-Africa jọ, àwòrán kókó ọpọlọ àwọn aláìsàn wa, tó wọ BraTS, ìdíje wíwá kókó ọpọlọ lórí àwòrán, ní 2023. Wo bí wọ́n ṣe tò ó: irú MRI mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ di ìwọ̀n mìlímítà kan, gbogbo rẹ̀ wà lórí ọpọlọ àwòkọ́ṣe kan náà. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ kọ̀ǹpútà láti wá kókó, ẹnì kan ti kọ́kọ́ to àwòrán. Bí ìtò yẹn bá yẹ̀, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ti yẹ̀.

Ti iná náà wà ńbẹ̀, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. ANTs tó nílò wákàtí méjì lórí orí kan, bí wọ́n bá mú iná lọ ní ìṣẹ́jú 90, o ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó parí ní ìṣẹ́jú kan á ti parí kí jẹnẹrétọ̀ tó jó epo. Níbí yìí, mo gbà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ láìjiyàn.

* * *

Ìdáhùn kúkúrú fún ẹni tó ní kó o fi kọ̀ǹpútà sọ CT di MRI ayédèrú, kó o wá to MRI lé MRI: ọ̀nà kan ni, àwọn èèyàn ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní 2018, Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal fi hàn pé irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ lè ya kókó sí orí tí kò ní, kó sì pa á rẹ́ ní orí tó ní in, tó bá jẹ́ pé irú orí kan ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Lò ó láti wá nọ́ńbà mẹ́fà, kó o sì pa ayédèrú náà rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó má ṣe dé iwájú dókítà láé.

* * *

Àbúrò ti padà wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó rí, torí pé ó yẹ kí gbogbo wa gbọ́.

Ó ti yan ojú mẹ́wàá rẹ̀, òun àti ọmọ iléèwé rẹ̀ kan. Ó ti lo mutual information, ó sì ti lo SynthMorph láìtẹ nǹkan. Orí 37 wà láàárín mìlímítà 2 lọ́dọ̀ irinṣẹ́ méjèèjì. Mẹ́ta ò bára mu rárá. Ó béèrè bóyá kó jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹ àwọn mẹ́ta yẹn, kí iye 40 má bàa dín.

Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, kó wò wọ́n pẹ̀lú ojú. Àkọ́kọ́, òrùka CT ló tẹ̀. Ó lo fáìlì Tilt, ó sì wọlé. Èkejì, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún aláìsàn náà láàárín CT àti MRI. Ìyẹn jáde kúrò nínú ìwádìí, àlàyé sì wà fún un.

Ẹ̀kẹta ló fi òru méjì wò. Kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí òrùka tó tẹ̀, ọ̀tún àti òsì wà láàyè wọn. Mo ní kó gbé CT àti MRI sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó wo ihò afẹ́fẹ́ tó wà nínú egungun iwájú orí, lókè imú. Ìrísí ihò yẹn yàtọ̀ láti orí kan sí òmíràn débi tí àwọn tó ń dá òkú mọ̀ fi ń lò ó. Ti CT tóbi, ó pín sí ẹ̀ka mẹ́ta. Ti MRI kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Orí ẹni méjì ni. Orúkọ kan náà ló wà lórí fáìlì méjèèjì.

Ó ti kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó fún un ní àwòrán, wọ́n sì ti ń wá ẹni tó ni MRI yẹn.